Bí Ọmọ Ṣe Lè Máa Kópa Nínú Ìdíje Eré Ìdárayá Láì Ba Ọ̀nà Yunifásítì Jẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Amẹ́ríkà

Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọ mọ eré rẹ̀ dáadáa, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ife, kóòṣì yunifásítì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìmeèlì sí i nígbà tí ó wà ní kíláàsì kọkànlá. Ìgbà náà ni àwọn òbí ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ìwé máàkì rẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ ìṣirò tí ó ṣe ní kíláàsì kẹsàn-án kò sí lára èyí tí NCAA, àjọ tí ó ń darí ìdíje eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ń kà, tàbí pé máàkì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé ọdún kan tí ó kù kò tó láti gbé e sókè. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìwà ọ̀lẹ kọ́ ni ó fa èyí. Eré ìdárayá ní àtẹ àsìkò tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì pẹ́ dé yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í pariwo títí ọjọ́ ìdánwò yóò fi dé. Nítorí náà, inú ìwé máàkì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò, kí ẹ tó wá àyè fún eré ìdárayá nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì ọmọ láti kíláàsì kẹsàn-án, kódà bí ó bá jẹ́ sáà kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀.
- Àkójọ àwọn ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín tí NCAA fọwọ́ sí. Orí ìkànnì NCAA Eligibility Center, ẹ̀ka tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ yẹ láti díje, ni ó wà, ẹ ó sì fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà wá a.
- Kàlẹ́ńdà ìdíje àti ìgbaradì fún gbogbo sáà náà, àti kàlẹ́ńdà ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́.
- Kàlẹ́ńdà ńlá kan tí gbogbo ará ilé lè rí, yálà lára ògiri tàbí lórí fóònù gbogbo yín.
- Wákàtí kan ní ọjọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí òbí àti ọmọ yóò jọ jókòó. Bí ẹ kò bá lè rí wákàtí yìí, ohun tí ó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí kò ní ṣiṣẹ́.

Ìpele 1: Ẹ fi ẹ̀kọ́ ọmọ wé ohun tí wọ́n ń béèrè

NCAA pín àwọn yunifásítì sí ìpín mẹ́ta, Division I, II àti III; Division I ni ó ga jù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣojú yunifásítì Division I nínú ìdíje gbọ́dọ̀ parí ẹ̀kọ́ 16 tí wọ́n ń pè ní core courses (àwọn ẹ̀kọ́ pàtàkì) ní ilé-ẹ̀kọ́ girama: ọdún 4 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 3 fún ìṣirò láti Algebra I sókè, ọdún 2 fún sáyẹ́ǹsì, ọdún 1 sí i nínú èyíkéyìí lára àwọn mẹ́ta yìí, ọdún 2 fún ẹ̀kọ́ àwùjọ, àti ọdún 4 mìíràn tí ó lè jẹ́ látinú àwọn tí a ti kà tàbí èdè ilẹ̀ òkèèrè àti irú wọn. GPA (ìpíndọ́gba máàkì, lórí òṣùwọ̀n 4.0) inú àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ tó 2.3 ó kéré tán. Division II náà ń béèrè ẹ̀kọ́ 16, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, GPA tiwọn sì jẹ́ 2.2. Láti ọdún 2023 ni NCAA ti yọ SAT àti ACT, àwọn ìdánwò ìwọlé yunifásítì, kúrò nínú ohun tí ó ń béèrè, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kan ṣì ń béèrè wọn fúnra wọn kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé.

Ẹ mú ìwé máàkì àti àkójọ àwọn ẹ̀kọ́ tí NCAA fọwọ́ sí, kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ sì máa fi àmì sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú méjèèjì. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀: mélòó nínú 16 ni ó ti parí, mélòó ni ó ń ṣe lọ́wọ́, èwo ni kò tíì sí nínú ètò rárá?

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà pọ̀ níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀. Èkíní, GPA tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ sórí ìwé kọ́ ni NCAA ń lò. Àwọn ẹ̀kọ́ core nìkan ni wọ́n ń kà, nítorí náà máàkì A nínú iṣẹ́ ọnà tàbí eré ìdárayá kò ní gbé C inú ìṣirò sókè. Èkejì, fún Division I, 10 nínú ẹ̀kọ́ 16 náà gbọ́dọ̀ ti parí kí sáà keje tó bẹ̀rẹ̀, èyí ni pé kí ọmọ tó wọ kíláàsì kejìlá, 7 nínú 10 yìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì. Máàkì àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ti di títì nígbà náà. Ọmọ kò lè tún wọn ṣe kí GPA rẹ̀ lè gòkè. Ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò ṣe àtúnṣe ní ọdún tí ó kẹ́yìn ti pẹ́ jù. Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ń dá ṣe, tí olùkọ́ kò sì ní bá a sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fi fún un láti fi kún ẹ̀kọ́ tí ó pàdánù, kí ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀, síbẹ̀ kí NCAA má kà á.

Mo tún fẹ́ kí ó yé òbí pé 2.3 jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán. Yunifásítì tí ó ń yan ènìyàn mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kò ní wo ẹni tí ó ní 2.3, bí ó ti wù kí ó yára tó lórí pápá. Ẹ wá ìpíndọ́gba máàkì àwọn tí wọ́n gbà wọlé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń fẹ́, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣe ibi tí ẹ ń lé.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí:* ọmọ fúnra rẹ̀, láì wo ìwé, lè sọ iye ẹ̀kọ́ core tí ó kù fún un àti ọdún tí yóò ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé òbí nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, ẹ padà lọ bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ to ọ̀sẹ̀ náà láti orí oorun

Ọ̀pọ̀ ìdílé ń kọ ìgbaradì sílẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́, wọ́n á wá fi oorun dí ihò tí ó bá ṣẹ́ kù. Ẹ yí i padà. Àjọ àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn ní ọdún 2016 pé kí ọ̀dọ́ tí ó wà láàrin ọdún 13 sí 18 máa sùn fún wákàtí 8 sí 10 lójoojúmọ́. Ẹ mú wákàtí 9, kí ẹ fi sórí kàlẹ́ńdà, kí ó sì jẹ́ ohun tí kò ṣeé yọ.

Ẹ wá ka ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan báyìí. Oorun 9, ilé-ẹ̀kọ́ 7, lílọ àti bíbọ̀ 1, oúnjẹ àti ìwẹ̀ àti ìmúra 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19, ó ku 5. Ìgbaradì wákàtí 2 pẹ̀lú ìrìn-àjò àti pípààrọ̀ aṣọ jẹ́ 3. Wákàtí 2 ni ó kù fún iṣẹ́ àṣetiléwá, iṣẹ́ ilé, fóònù àti ẹ̀rín pẹ̀lú ẹbí. Bí ọmọ bá ń ṣe ẹ̀kọ́ AP (ẹ̀kọ́ girama tí ó le tó ti yunifásítì) mẹ́ta tí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ń gba wákàtí méjì àbọ̀, ìṣirò náà ti kọjá 24, kò sì sí ìbáwí tàbí ìwúrí kankan tí yóò fi wákàtí kún ọjọ́. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí ẹ ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé kí ẹ tó bínú sí ọmọ pé kì í fọwọ́ pàtàkì mú nǹkan.

Ọ̀nà àbájáde wà. Ẹ wo wákàtí tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́: àkókò òfo nínú ilé-ẹ̀kọ́, ìdajì wákàtí kí ìgbaradì tó bẹ̀rẹ̀, orí ìjókòó ọkọ̀. Iṣẹ́ tí kò nílò ìrònú jinlẹ̀, bíi kíkọ́ ọ̀rọ̀ èdè tàbí kíka ojú ìwé tí olùkọ́ yàn, ni kí ó lọ síbẹ̀. Kíkọ àròkọ àti ìṣirò tí ó le ni kí ẹ fi pamọ́ fún wákàtí tí ó dákẹ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ yan wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ní ìdíje nínú, kí ẹ sì fi í ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, dípò kí ó jẹ́ èyí tí ó ti kọjá nìkan.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe kọ àtẹ àsìkò tí ó kún dé ẹnu. Ẹ fi àyè bí wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ lọ́sẹ̀ láì fi orúkọ nǹkan kan sí i, nítorí òjò yóò sún ìdíje síwájú, olùkọ́ yóò sì yí ọjọ́ ìdánwò padà.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka òru tí ọmọ sùn tó wákàtí 8. Bí kò bá tó òru márùn-ún nínú méje, àtẹ náà ni ó ní àléébù. Ẹ yọ nǹkan kan kúrò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìpele 3: Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí ìrìn-àjò tó dé

Lọ́jọ́ tí kàlẹ́ńdà ìdíje bá jáde, ẹ gbé e lé orí kàlẹ́ńdà ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ sì fi àwọ̀ pupa yí gbogbo ibi tí méjèèjì ti forí gbárí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ó kọ̀wé sí olùkọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Òbí tí ó bá ń kọ ọ́ fún un ń gba iṣẹ́ tí ọmọ máa nílò ní yunifásítì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ kò ju báyìí lọ:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi kò ní sí ní kíláàsì ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì sí ìsinsìnyí nítorí ìdíje ẹgbẹ́ wa. Mo rí i pé ìdánwò kúkurú wà ní ọjọ́ Ẹtì náà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè ṣe é ní ọjọ́ Ọjọ́rú kí n tó lọ? Iṣẹ́ tí ó kù, màá fi ránṣẹ́ kí n tó kúrò. Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ó béèrè láti ṣe é ṣáájú. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ìdíje ti parí yóò gbà pé àwáwí ni. Àṣìṣe mìíràn ni kí ọmọ ròyìn ìdíje gígùn bí ẹni pé ìyẹn ni ó ṣe pàtàkì jù; olùkọ́ kò nílò ìtàn ife, ọjọ́ àti iṣẹ́ ni ó nílò.

*Àyẹ̀wò:* kò sí àmì pupa kankan nínú oṣù tí ń bọ̀ tí kò ní èsì olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ bá kóòṣì ṣe àdéhùn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀

Ìpàdé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ọmọ àti òbí lọ pọ̀, ọmọ ni kí ó sì sọ̀rọ̀. Kí ó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìdánwò ńlá bá bọ́ sí ọjọ́ ìgbaradì, iye ọjọ́ tí kóòṣì fẹ́ kí a ti sọ ṣáájú, àti bóyá ẹni tí ó pàdánù ìgbaradì kan nítorí ẹ̀kọ́ yóò pàdánù àyè nínú ìdíje. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Kóòṣì tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ sí ìbéèrè wọ̀nyí ti fi ara rẹ̀ hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó san owó sáà.

Kóòṣì ilé-ẹ̀kọ́ àti kóòṣì ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá wà lábẹ́ àwọn méjèèjì, òbí ni kí ó fi àtẹ ẹnì kìíní han ẹnì kejì, nítorí olúkúlùkù yóò rò pé tòun nìkan ni ẹrù ọmọ náà.

Ìpele 5: Ẹ ṣọ́ ara ọmọ

Àjọ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí ọmọ sinmi kúrò nínú eré rẹ̀ ní ọjọ́ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ó sì sinmi fún oṣù mẹ́ta lápapọ̀ lọ́dún, kí ó máa mú oṣù kan gbáko lẹ́ẹ̀kan, bí ó tilẹ̀ lè máa ṣe eré mìíràn láàrin oṣù wọ̀nyí. Ẹ kọ ọjọ́ ìsinmi náà sórí kàlẹ́ńdà bí ẹ ti ń kọ ìdíje.

Máàkì tí ó ń lọ sílẹ̀ ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà sábà máa ń jẹ́ àmì àárẹ̀ ju àìmọ̀wé lọ. Ẹ wò ó bóyá ọmọ ń bínú sí nǹkan kékeré, bóyá ìrora kan kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá ó ń wá ìdí láti má lọ sí ìgbaradì tí ó ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Bí méjì nínú wọ̀nyí bá pàdé, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó pe olùkọ́ àdáni fún ìṣirò.

Ìpele 6: Ẹ fi òtítọ́ díwọ̀n ìrètí yunifásítì

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ dúró. NCAA fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí 2 nínú 100 ọmọ tí ń ṣe eré ìdárayá ní girama ni ó ń gba sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá. Nínú ọ̀pọ̀ eré, kóòṣì ń pín owó náà fún ènìyàn púpọ̀, tí ohun tí ó kan ẹnì kan kì í fi í sábà tó gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn yunifásítì Division III kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù eré ìdárayá rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ivy League (yunifásítì àtijọ́ mẹ́jọ tí Harvard àti Yale wà lára wọn) tí wọ́n wà ní Division I. Síbẹ̀, wọ́n ń fúnni ní owó nítorí àìní ìdílé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Division III sì ń fúnni nítorí máàkì pẹ̀lú. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wákàtí tí ọmọ lò lórí GPA lè mú owó wálé ju èyí tí ó lò lọ́dọ̀ olùkọ́ àdáni eré ìdárayá lọ.

Ẹ pín ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí máàkì ọmọ ti tó láì ka eré sí, èyí tí eré rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ láti wọlé, àti èyí tí ó ga ju méjèèjì lọ. Ẹ bi ara yín nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: bí ó bá farapa lọ́dún àkọ́kọ́ tí kò lè ṣe eré mọ́, ṣé yóò ṣì fẹ́ wà níbẹ̀? Ẹ yọ èyí tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ rárá.

Ní ọ̀pọ̀ eré Division I, kóòṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé tààrà sí ọmọ láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá. Football àti basketball ní ọjọ́ tiwọn. Ọmọ lè kọ̀wé sí wọn ṣáájú ìgbà náà. Kí ìwé rẹ̀ kéré: ọdún tí yóò jáde, ipò tí ó ń gbá tàbí àkókò tí ó ń sá, GPA, fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àti ìdí tí ó fi fẹ́ ẹ̀kọ́ kan pàtó ní ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ìkìlọ̀ tí ó wúwo jù níbí: ìwé ìpè sí ibùdó ìgbaradì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ìwé ìgbaniwọlé. A ń rán an sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, owó ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ohun tí ó ní ìtumọ̀ ni kí kóòṣì béèrè ìwé máàkì ọmọ láti gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, kí ó sì padà wá sọ ohun tí wọ́n wí. Láti ọdún 2025, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, èyí tí àwọn eléré ìdárayá yunifásítì pe NCAA lórí ọ̀rọ̀ owó, àwọn yunifásítì tí wọ́n wọ inú àdéhùn náà ní òdiwọ̀n iye ènìyàn tí ó lè wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àyè àwọn tí wọ́n ń wọ ẹgbẹ́ láì gba sikọ́láṣíìpù ti dín kù ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì tààrà pé, "Ṣé àyè kan wà tí ẹ fi orúkọ mi sí?"

Kí ọmọ tún mọ irú ìgbésí ayé tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òfin Division I gba wákàtí 20 lọ́sẹ̀ fún eré nígbà ìdíje, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ìrìn-àjò àti ìtọ́jú ara mọ́ ọn.

*Àyẹ̀wò:* ó kéré tán ilé-ẹ̀kọ́ méjì wà nínú àkójọ náà tí ọmọ lè wọ̀, tí ìdílé sì lè san owó rẹ̀, bí eré ìdárayá bá parí lónìí.

Ìpele 7: Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa gé kí ó tó di dandan

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ òfin kan sílẹ̀, kí òbí àti ọmọ fọwọ́ sí i: bí máàkì ẹ̀kọ́ core kan bá wà lábẹ́ ibi tí a ti fẹnu kò sí fún àyẹ̀wò méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, ohun kan yóò kúrò. Ètò tí mo gbà nímọ̀ràn ni kí olùkọ́ àdáni eré kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ kejì, lẹ́yìn náà ìdíje ọ̀nà jíjìn. Ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó kẹ́yìn, nítorí ó sún mọ́ ilé, àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ sì wà níbẹ̀. Ìpinnu tí a bá ṣe nígbà tí ara tutù kì í dà bí ìjìyà nígbà tí máàkì burúkú bá dé.

Ìpele 8: Ẹ má tú ọwọ́ ní kíláàsì kejìlá

Kí ọmọ ṣí àkáǹtì ní Eligibility Center ṣáájú kíláàsì kejìlá, kí ilé-ẹ̀kọ́ fi ìwé máàkì ránṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì kọkànlá, kí ó sì tún fi èyí tí ó kẹ́yìn ránṣẹ́ lẹ́yìn ìjáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu kóòṣì kò de ẹnikẹ́ni. Ìwé àdéhùn owó tí yunifásítì fọwọ́ sí ni kí ẹ gbára lé, yunifásítì sì lè fagi lé ìgbaniwọlé bí máàkì bá já bọ́ ní sáà ìkẹyìn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣí àkáǹtì náà ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìjáde. Bí ó bá ṣì sọ pé ìwé máàkì ìkẹyìn kò tíì dé, ẹ pe ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tì pa nígbà ìsinmi, ìgbaradì yunifásítì sì lè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó padà ṣí.